Oníbodè Tí Ìwé Òfin Kò Dárúkọ: Ìbò Àárín Sáà àti Olórí Ilé Aṣòfin Àgbà Amẹ́ríkà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wà ní ìjókòó, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Mo mọ̀ pé nígbà tí ẹ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ sọ, ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí ọ̀rọ̀ Ààrẹ. Ọ̀rọ̀ Ààrẹ kò wọ́n. Kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́. Ìbò tí wọ́n máa ń dì nígbà tí orúkọ Ààrẹ kò sí nínú ìwé ìdìbò rárá ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, ìyẹn ìbò àárín sáà, pẹ̀lú ẹni tí ìbò náà máa ń gbé jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin àgbà.

Ẹ rántí oníbodè láyé àwọn baba ńlá wa. Kì í ṣe ọba, kì í sì í ṣe ìjòyè pàtàkì. Ṣùgbọ́n bí oníbodè kò bá ṣílẹ̀kùn, ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ fún ọba gan-an yóò sùn síta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nílé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Àwọn aráàlú tó ń lọ dìbò ní àárín sáà rò pé Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ àwọn nìkan ni àwọn ń yàn. Oníbodè ni wọ́n ń yàn mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ilé náà ṣe rí. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà ní Amẹ́ríkà. Ìbáà tóbi bíi California, ìbáà kéré bíi Wyoming, Sẹ́nétọ̀ méjì ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rán lọ sí Washington, ọgọ́rùn-ún sì ni gbogbo wọn. Ọdún mẹ́fà ni sáà wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í jọ wọlé, wọn kì í sì í jọ jáde. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1789, nígbà tí ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti mọ ìpín tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ìyẹn ni pé wọ́n dìbò bí àwọn baba wa ṣe ń dì í nídìí Ifá, kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti àpótí àti ìwé. Ìpín kìíní lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ìkejì lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìkẹta nìkan ló lo ọdún mẹ́fà pé. Láti ìgbà náà títí di òní, ní ọdún méjì méjì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé náà ló ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó rán an níṣẹ́. Bí ọdún náà bá bọ́ sí àárín sáà Ààrẹ, ìbò àárín sáà nìyẹn.

Àwọn aráàlú kọ́ ló ń yan Sẹ́nétọ̀ níbẹ̀rẹ̀ o. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń yàn wọ́n, títí di ọdún 1913 tí wọ́n fi tún ìwé òfin ṣe lẹ́ẹ̀kẹtàdínlógún. Ọdún 1914 ni ìbò àárín sáà àkọ́kọ́ tí gbogbo ìjókòó tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà ti ọwọ́ aráàlú wá.

Ètò yìí lè ṣàjèjì sí àwa tí a wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba padà fún alágbádá ní ọdún 1979, ètò Ààrẹ irú ti Amẹ́ríkà ni Nàìjíríà mú, pẹ̀lú ilé aṣòfin àgbà tirẹ̀: Sẹ́nétọ̀ 95 nígbà náà, márùn-ún láti inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lónìí, wọ́n ti di 109. Ṣùgbọ́n a kò mú àárín sáà mọ́ ọn. Ọjọ́ kan náà ni à ń yan Ààrẹ àti gbogbo Sẹ́nétọ̀, ọdún mẹ́rin sì ni gbogbo wọn ń lò. Bí Ààrẹ bá ṣe ohun tó dun aráàlú lọ́dún kejì, kò sí ìbò tí wọ́n lè fi fa etí rẹ̀ títí ọdún mẹ́rin yóò fi pé. Ó ń dùn mí pé nínú gbogbo ohun tí a yá, èyí ni a fi sílẹ̀.

Ó kù kí n fi oníbodè náà hàn yín. Ìwé òfin Amẹ́ríkà dárúkọ ẹni méjì tó lè jókòó sórí àga ilé aṣòfin àgbà. Igbákejì Ààrẹ ni àkọ́kọ́, kò sì lè dìbò níbẹ̀ àfi bí ìbò bá dọ́gba. Ẹnì kejì ni ẹni tí wọ́n yàn láti máa dí àga náà mú bí Igbákejì Ààrẹ kò bá sí nílé. Àgbà ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni wọ́n sábà máa ń fún ní oyè náà. Ìwé òfin dákẹ́ síbẹ̀. Kò dárúkọ olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ayé ń wò lónìí. Ọ̀rúndún ogún ló bí i. Ní 1913, àwọn Democrat, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì Amẹ́ríkà (ìkejì ni Republican), fi John Kern láti Indiana ṣe ẹni tí yóò máa bá Ààrẹ Wilson darí iṣẹ́ nílé náà. Ní 1920 ni ẹgbẹ́ náà tó yan olórí tó ní orúkọ oyè; ní 1925 ni ti Republican. Ní 1937, Igbákejì Ààrẹ John Nance Garner sọ ọ́ di àṣà pé bí ọ̀pọ̀ bá dìde tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ni òun yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lóhùn ló ń sọ àbádòfin tí wọn yóò gbé jáde, ọjọ́ tí wọn yóò gbé e jáde, àti èyí tí yóò kú sínú àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tako ó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún 1918. Ogun Àgbáyé Kìíní ń parí lọ. Woodrow Wilson, Ààrẹ tó jẹ́ Democrat, ní ìrètí ńlá kan: kí àwọn orílẹ̀-èdè dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò máa parí ìjà kí ó tó di ogun. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ìbò ku ọjọ́ mọ́kànlá, ó kọ̀wé sí gbogbo aráàlú pé bí wọ́n bá fẹ́ kí òun máa bá iṣẹ́ òun lọ, kí wọ́n dìbò fún ẹgbẹ́ òun. Inú bí àwọn Republican gidigidi. Wọ́n ti tì í lẹ́yìn nínú ogun, àwọn ọmọ tiwọn náà wà lójú ogun. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìwé yẹn ṣe Wilson fúnra rẹ̀ ní ibi ju bó ṣe ṣe é lóore lọ.

Ìbò dé, Republican ní 49, Democrat ní 47. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe kéré tó, kí ẹ wá bá mi dé Michigan. Ẹni tí àwọn Democrat fà kalẹ̀ níbẹ̀ ni Henry Ford, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ tí àwọn baba wa mọ̀ bí ẹni mowó. Wilson ló rọ̀ ọ́ kó jáde. Ford kò náwó, kò polongo ìbò. Truman Newberry, ẹni tó bá a du ipò náà, náwó tó pọ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ fíìfíì, ó sì fi díẹ̀ borí. Wọ́n gbé Newberry lọ sílé ẹjọ́ nítorí owó náà, wọ́n dá a lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ẹjọ́ náà ní 1921. Ní 1922 àwọn Sẹ́nétọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìnáwó yẹn, ó sì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Ó ti pẹ́ jù. Bí Ford bá ti wọlé, 48 sí 48 ni ilé náà ì bá jẹ́, Igbákejì Ààrẹ Thomas Marshall tó jẹ́ Democrat ì bá sì fi ìbò tirẹ̀ pinnu ẹgbẹ́ tí yóò darí ilé.

Ìjókòó kan yìí ló gbé Henry Cabot Lodge láti Massachusetts dé ipò olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì fún ipò náà ní orúkọ oyè, ó sì tún di alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àárín òun àti Wilson kò gún rárá. Nígbà tí Wilson gbé àdéhùn Versailles, àdéhùn àlàáfíà tí ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè náà wà nínú rẹ̀, dé láti ilẹ̀ Faransé, Lodge ti kó àwọn tí kò fẹ́ àdéhùn náà kún inú ìgbìmọ̀. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdéhùn náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kà á, nínú yàrá tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń gbọ́. Àkókò ló ń jẹ. Wilson wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń kiri ìlú láti bá aráàlú sọ̀rọ̀, títí àárẹ̀ fi dá a dúró ní Pueblo ní Colorado. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1919, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Wọ́n dìbò lórí àdéhùn náà ní oṣù Kọkànlá, kò kọjá. Wọ́n tún un dì ní oṣù Kẹta ọdún 1920: 49 gbà, 35 kọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin ń béèrè, ìbò méje ló kù. Amẹ́ríkà kò wọ ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè náà láé.

Mi ò ní sọ pé Ford nìkan ì bá gba Wilson là. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣòro lábẹ́ olórí èyíkéyìí, Wilson fúnra rẹ̀ sì ní oríkunkun. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí Lodge fi ń kàwé, àti àwọn tó yàn sínú ìgbìmọ̀, ọwọ́ oníbodè nìkan ni irú agbára bẹ́ẹ̀ máa ń wà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an ló kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ní ọdún 1950, Scott Lucas láti Illinois ni olórí àwọn Democrat tó pọ̀ jù. Ogun Kòríà ń lọ lọ́wọ́, kò rọgbọ fún ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Sẹ́nétọ̀ Estes Kefauver láti Tennessee, tí òun náà jẹ́ Democrat, ń ṣe ìwádìí káàkiri nípa àwọn ọ̀daràn àti onítẹ́tẹ́. Ó dé Chicago. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, tí ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀ fún ipò ṣẹ́ríìfù lọ́dún yẹn gan-an, wá jẹ́rìí nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ owó ńlá tó ti kó jọ nínú tẹ́tẹ́. Ìwé ìròyìn kan gbé e jáde nígbà tí ìbò ku ọjọ́ díẹ̀. Lucas bẹ Kefauver títí kí ó má wá sí Chicago kí ìbò tó kọjá. Ìbò gbé Lucas lọ. Ẹni tó gba ìjókòó rẹ̀ ni Everett Dirksen. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Igbákejì Lucas nínú ẹgbẹ́, Francis Myers láti Pennsylvania, náà fìdí rẹmi lọ́jọ́ kan náà. Ipò méjèèjì ṣófo. Ernest McFarland láti Arizona di olórí, ọdún méjì péré ló lò kí Barry Goldwater tó gba ìjókòó rẹ̀ ní 1952. Báyìí ni ọ̀nà ṣe là fún Lyndon Johnson láti Texas. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé náà ni ó ṣì ń lò, ó sì ti di olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1953. Ìbò àárín sáà 1954 wá fún Democrat ní 48, Republican ní 47, pẹ̀lú Wayne Morse láti Oregon tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Johnson fún Morse ní ààyè nínú ìgbìmọ̀ tó wù ú, Morse sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, Johnson, ẹni ọdún 46, di oníbodè.

Ẹni tó bá ti rí àwòrán rẹ̀ yóò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: á fara mọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tímọ́tímọ́, á tẹ̀ síwájú títí tonítọ̀hún yóò fi máa tẹ̀ sẹ́yìn. Ó mọ ohun tí Sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń wá àti ohun tó ń bẹ̀rù. Ní 1957 ó mú òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú kan kọjá, irú èyí tí ilé náà kò tíì ṣe láti ọdún 1875. Òfin náà kò lágbára tó, ó sì ní láti bó eyín rẹ̀ kí àwọn Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù, tí kò fẹ́ ẹ̀tọ́ fún aláwọ̀ dúdú, tó jẹ́ kó kọjá. Síbẹ̀, ẹnubodè tó ti wà ní títì fún ọdún 82 ló ṣí.

Ìbò àárín sáà 1958 ló tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ajé kò dára lọ́dún náà, inú aráàlú kò sì dùn sí ẹgbẹ́ Ààrẹ Eisenhower. Ìjókòó 13 ni àwọn Democrat gbà lọ́wọ́ Republican. Ọ̀kan nínú àwọn tó wọlé lọ́jọ́ náà ni Philip Hart láti Michigan. Ní 1962, nínú ìbò àárín sáà mìíràn, Edward Kennedy wọlé láti Massachusetts, wọ́n sì tún Dirksen yàn ní Illinois. Dirksen ti di olórí àwọn Republican, ẹgbẹ́ tí kò pọ̀ tó nílé náà nígbà yẹn.

Ẹ wá to gbogbo wọn jọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 1964, lẹ́yìn tí àwọn Sẹ́nétọ̀ Gúúsù ti ń fi àsọ̀rọ̀-má-dákẹ́ dí òfin ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan, Dirksen kó àwọn èèyàn rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Mike Mansfield tó jẹ́ olórí àwọn Democrat, wọ́n sì fi ìbò 71 sí 29 pa àwọn náà lẹ́nu mọ́. Johnson, tó ti di Ààrẹ, fọwọ́ sí i. Ní ọdún kejì, òfin wíwọ̀lú dé iwájú ilé. Òfin àtijọ́ ti pín àyè wíwọ̀lú bí ẹni pín ẹran iléyá fún ẹbí nìkan: ilẹ̀ Yúróòpù ló gba èyí tó pọ̀ jù, Áfíríkà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Hart ló gbé òfin tuntun náà kalẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, Kennedy ló dúró tì í nígbà àríyànjiyàn, Johnson sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Láti ara òfin yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa, àti ọ̀pọ̀ nínú àwa fúnra wa, fi rí ọ̀nà wọ ilẹ̀ yìí láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti Ìjẹ̀bú.

Dirksen, 1950. Johnson gẹ́gẹ́ bí oníbodè, 1954. Hart, 1958. Kennedy, 1962. Kò sí ọ̀kan nínú ọdún wọ̀nyí tí orúkọ Ààrẹ wà nínú ìwé ìdìbò. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan láàárín wa tó ti gbàwé ọmọ onílùú sọ pé ìbò Ààrẹ nìkan lòun máa ń jáde fún, inú mi kì í dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára gba àárín kọjá. Ní 1986, àwọn Democrat gba ilé aṣòfin àgbà padà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Reagan, Robert Byrd padà di olórí. Ní ọdún kejì, ilé náà fi ìbò 58 sí 42 kọ Robert Bork tí Reagan fẹ́ fi sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 1994, àwọn Republican gbà á padà, Bob Dole di olórí. Ní 2006, ó tún padà sọ́wọ́ Democrat.

Ìbò 2014 ni mo fẹ́ dúró lé. Lọ́dún náà, nǹkan bí 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ló jáde. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, iye tó jáde nínú ìbò àárín sáà kò kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn Republican gba ìjókòó mẹ́sàn-án, Mitch McConnell láti Kentucky sì di olórí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ní oṣù Kìíní ọdún 2015. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2016, adájọ́ Antonin Scalia kú. Ààrẹ Obama yan Merrick Garland ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta. McConnell ní ilé kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí aráàlú yóò fi yan Ààrẹ tuntun. Wọn kò pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn kò dìbò, wọn kò sọ pé ó yẹ tàbí kò yẹ. Orúkọ náà wà lẹ́nu ibodè títí sáà ilé fi tán. Ẹni tí Trump yàn, Neil Gorsuch, ló jókòó sórí àga náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2017. Ohun tí McConnell ṣe kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbà pé ó ba àṣà ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n kò jí kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn tó dìbò ní 2014 ló fún un, àwọn tó jókòó sílé sì wà lára wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé ṣé ẹgbẹ́ Ààrẹ kò máa pàdánù ní àárín sáà ni. Ní ilé aṣojúṣòfin, bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, nítorí gbogbo ìjókòó ibẹ̀ ló máa ń wà nílẹ̀. Ní ilé aṣòfin àgbà, ìpínlẹ̀ tí kèké bá mú lọ́dún náà ló ń pinnu. Ní 2018, ẹgbẹ́ Trump pàdánù ìjókòó 40 nílé aṣojúṣòfin, bẹ́ẹ̀ ó fi méjì kún tirẹ̀ nílé aṣòfin àgbà, nítorí nínú ìjókòó 35 tó wà nílẹ̀, 26 ló jẹ́ ti Democrat àti àwọn tó ń bá wọn rìn. Ní 2022, ẹgbẹ́ Biden fi ọ̀kan kún tirẹ̀ nígbà tí John Fetterman gba Pennsylvania.

Oníbodè òde òní ni mo fi kù. Ní ìbò àárín sáà 2002, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Thune du ipò Sẹ́nétọ̀ ní South Dakota, ìbò 524 ni wọ́n fi jù ú lọ. Ní 2004 ó padà wá, ó bá Tom Daschle du ìjókòó kejì ìpínlẹ̀ náà, ó sì fi ìbò 4,508 jù ú lọ. Daschle ni olórí àwọn Democrat nílé náà lákòókò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ dé ipò náà pẹ̀lú ìbò 24 sí 23 láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìbò 1994. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí McConnell ti lo ọdún 18 gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Republican ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n dìbò bòńkẹ́lẹ́. Thune ní 29, John Cornyn láti Texas ní 24. Ìbò 524 tí wọ́n fi jù ú lọ ní South Dakota pọ̀ ju gbogbo èyí tó sọ ọ́ di olórí lọ.

Ìbò àárín sáà 2026 wà fún ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, ìjókòó 35 ló sì wà nílẹ̀. Ìjókòó Thune kò sí lára wọn, nítorí ọdún 2022 ni wọ́n tún un yàn. Àwọn tó ń dìbò ní Maine, ní North Carolina, ní Michigan, tí wọn kò ní rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn, ló máa sọ bóyá yóò ṣì wà lẹ́nu ibodè náà.